Ẹni Tó Ti Ibi Tí Kò Dé Bọ̀

Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ òótọ́: mi ò fẹ́ràn ọkùnrin tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí. Àwọn tó ń sọ ìtàn máa ń díbọ́n pé ọ̀rọ̀ ò kan àwọn, pé ohun tójú rí làwọn kàn ń sọ. Èmi ò ní díbọ́n. Ọkùnrin náà ga, ó sanra, ó mọ aṣọ wọ̀, ohùn rẹ̀ sì máa ń dún bíi pé inú àgbá ló ti ń bọ̀. Òun ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá gbogbo bọ́ọ̀sì ìlú. Nínú gbogbo ohun tí Ọlọ́run fún un, làákàyè nìkan ló jọ pé wọ́n gbàgbé sílé.

Nígbà tó kọ́kọ́ dépò, oyè kan ṣoṣo ló ní: Ọ̀gá Àgbà Ìrìnnà. Oṣù mẹ́ta ò pé tó fi di méje. Ọ̀gá Àgbà Ìrìnnà, Aṣíwájú Gbogbo Táyà, Baba Ìsàlẹ̀ Ibùdókọ̀, Olùdásílẹ̀ Káàdì, Ojú Tí Ń Rí Gbogbo Ìrìn, Ọ̀rẹ́ Mẹ̀kúnnù, Ọ̀mọ̀wé-Ó-Ku-Díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ku díẹ̀ yẹn, ìwé ẹ̀rí ni. Ó wọ yunifásítì kan lọ́jọ́ kan láti ya fọ́tò lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, ó jáde, ó sì rò pé ẹ̀kọ́ náà ti lẹ̀ mọ́ òun lára.

Káàdì tó ní òun dá sílẹ̀ yẹn, àwọn ẹlòmíì ló ṣe é kó tó dé, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Káàdì pẹlẹbẹ kan ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Tí èèyàn bá fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì, á fi kan ẹ̀rọ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ẹ̀rọ á dún píì, iná aláwọ̀ ewé á tàn. Tó bá fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀, á tún fi kàn án. Ìrìn náà á wá wọnú àkọsílẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, oníkáàdì á sì lè ṣí i wò lórí fóònù rẹ̀: ọjọ́, aago, ibi tó ti wọ̀, ibi tó ti bọ́. Nǹkan tó dáa ni. Ọwọ́ tó bọ́ sí ni kò dáa.

Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sí kọ̀rídọ̀ ọ́fíìsì. Wọ́n ti kan ẹ̀rọ káàdì kan tí wọ́n kùn ní wúrà mọ́ ẹnu ọ̀nà Ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀sì kan ò gba kọ̀rídọ̀ kọjá rí. Ẹ̀rọ náà ò so mọ́ nǹkan kan ju iná ara ògiri lọ. Ọ̀gá á sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ìjọba tó ń gbé e kiri, torí kò wọ bọ́ọ̀sì rí láti ọjọ́ tó ti débẹ̀, á gun àtẹ̀gùn tìgbéraga-tìgbéraga, á fi káàdì kan ẹ̀rọ wúrà, ẹ̀rọ á dún píì, àtẹ́wọ́ á sọ. Akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń tẹ̀ bí ẹni tó ru àpò símẹ́ńtì, á ké pé, "Ó ti mọ̀ yín, sà." Gbogbo òṣìṣẹ́ á dáhùn pé, "Ó ti mọ̀ wọ́n." Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó lè jókòó síbi iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé kan báyìí ló sọ ọ̀rọ̀ tó sọ ọ́ di ẹni ìtàn. Ó ní, "Ayé àtijọ́ tí èèyàn ń sọ pé òun lọ, òun bọ̀, tá a sì ń gbà á gbọ́, ayé yẹn ti kọjá. Láti òní lọ, ìrìn tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò rìn ín. Ẹni tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀, kò wá. Kò sí ọwọ́ tó lè kọ kún un, kò sí ọwọ́ tó lè pa á rẹ́." Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n. Ìgbìmọ̀ ìlú náà gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wọn, ni wọ́n bá pàṣẹ pé láti inú àkọsílẹ̀ káàdì ni kí wọ́n ti máa wo ẹni tó wá síṣẹ́ nínú gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹni tí ogún àárọ̀ bá dín nínú tiẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, iṣẹ́ bọ́.

Látìgbà náà, kò sí ẹ̀sùn tí èèyàn gbé lọ bá Ọ̀gá tí ìdáhùn rẹ̀ kọjá gbólóhùn kan: "Kò sí nínú ìwé." Ìyẹn ni àwọn èèyàn fi sọ ọ́ ní Kò-Sí-Nínú-Ìwé. Tí wọ́n bá rí mọ́tò rẹ̀ lókèèrè, wọ́n á ní, "Kò-Sí ń bọ̀." Òun ò mọ̀. Ó rò pé kíkí ni wọ́n ń kí òun.

Lẹ́yìn èyí ló wá rí i pé nǹkan kan ṣì kù nínú àwọn bọ́ọ̀sì yẹn. Ojú òun ni. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n gbé fọ́tò òun kọ́ sínú bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, lókè ẹ̀rọ káàdì gan-an, kí wọ́n fi gílóòbù méjìlá yí i ká, kí gílóòbù náà máa tàn fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, kí mẹ̀kúnnù tó wà nínú òkùnkùn lè mọ ẹni tó ń gbé e lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ló fún wọn.

Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Rẹwáyà ni oníṣẹ́ iná gáréèjì. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí wáyà tí kò mọ orísun rẹ̀ nínú àwọn bọ́ọ̀sì náà. Ó wo ibi tí wọ́n ní kí wọ́n gbé fọ́tò kọ́ sí, ó rí i pé wáyà kan ṣoṣo ló dé ibẹ̀, èyí tó ń gbé iná fún ẹ̀rọ káàdì. Ó sọ fún Akọ̀wé pé wáyà yẹn ò lè bọ́ ẹ̀rọ kó tún bọ́ gílóòbù méjìlá. Akọ̀wé ní Ọ̀gá ò béèrè ohun tí wáyà lè ṣe. Wọ́n bá so ó. Ohun tí Rẹwáyà rò ló sì ṣẹlẹ̀: tí gílóòbù bá ti tàn, ẹ̀rọ káàdì á ṣì máa dún píì, iná aláwọ̀ ewé á ṣì máa tàn, àmọ́ agbára tó máa fi tọ́jú ìrìn náà ò ní kù lára rẹ̀ mọ́. Ìrìn ọ̀sán wà. Ìrìn ìdájí ń sọnù.

Ẹ ó béèrè pé kí ló dé tí kò kọ̀wé. Ó kọ ọ́. Òfin lẹ́tà ọ́fíìsì yẹn ni kí ẹ gbọ́. Lẹ́tà tó ń lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá ò gbọ́dọ̀ ju ojú ewé kan lọ, gbogbo oyè rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pé lókè rẹ̀, lọ́nà tó tò wọ́n, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí Rẹwáyà kọ, oyè kan dín níbẹ̀, wọ́n dá a padà. Ìkejì, oyè méjèèje pé, àmọ́ Ọ̀gá ti fi ìkẹjọ kún un lọ́jọ́ Ẹtì, Òòrùn Tí Kì Í Wọ̀ Ní Gáréèjì, wọ́n dá ìyẹn náà padà. Ká sòótọ́, ẹni tí iná ń jó ilé rẹ̀ ò ní ríbi kọ ọ́ sí nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀.

Rẹwáyà ní ẹ̀gbọ́n kan, obìnrin, alágbàfọ̀ ni ní ọsibítù ńlá ìlú náà. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti fi ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn, ẹ̀jẹ̀ àti ohun tó ju ẹ̀jẹ̀ lọ, kò sì pa iṣẹ́ jẹ rí ju ọjọ́ mẹ́ta tó fi sin ọkọ rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ló ń fi tọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ méjì. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìdájí ló máa ń wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, kó lè sọ omi kaná kí àwọn nọ́ọ̀sì tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ní ìparí oṣù kẹta, wọ́n fún un níwèé: àárọ̀ méjìlélógún ló dín. Kó lọ ṣàlàyé, àbí kó máa lọ sílé.

Ó lọ sí ojú fèrèsé ẹ̀sùn ní ọ́fíìsì ìrìnnà. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ṣí àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ó sì yí ẹ̀rọ náà kó lè rí i. Òfìfo ni gbogbo ìdájí ọjọ́ méjìlélógún náà. Bí wọ́n ṣe ń wò ó ni Ọ̀gá ń kọjá lọ pẹ̀lú Akọ̀wé àti àwọn mẹ́fà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa tẹ̀ lé e. Ó dúró. Ó fẹ́ràn kó máa dá ẹjọ́ lórí ìrìn.

Ìyá Alágbàfọ̀ kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí i, ó sì sọ pé òun ò pa iṣẹ́ jẹ lọ́jọ́ kankan. Ọ̀gá bi í pé, "Ta ló rí ọ?" Ẹ kíyè sí i pé ó ń sọ "ọ" fún ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ.

"Dírẹ́bà rí mi, sà. Àwọn nọ́ọ̀sì rí mi. Aṣọ tí mo fọ̀ wà níbẹ̀."

"Ẹnu èèyàn kì í ṣe ìwé. Fọ́tò kì í ṣe ìwé. Aṣọ fífọ̀ kì í ṣe ìwé. O ò sí nínú ìwé."

Obìnrin náà ò tíì dìde. Ó na ìka sí ojú ẹ̀rọ. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo ibí yìí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo wọkọ̀ níwájú ọsibítù ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo padà sílé. Ọjọ́ méjèèjìlélógún ló wà níbẹ̀. Báwo ni mo ṣe wá ń padà láti ibi tí mi ò lọ?"

Ọmọbìnrin ojú fèrèsé wo ilẹ̀. Ọlọ́gbọ́n èèyàn ì bá dúró níbí, kó ní ẹ jẹ́ ká wádìí ẹ̀rọ yìí wò. Ọ̀gá ronú fún bí ìṣẹ́jú kan, a sì rí iṣan ọrùn rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ọpọlọ. Ó wá yíjú sí Akọ̀wé. "Kọ ọ́ sílẹ̀," ló wí. "Ẹ̀ṣẹ̀ tuntun la rí yìí. Orúkọ rẹ̀ ni Ìbọ̀-Láìlọ. Àwọn kan wà nílùú yìí tí wọ́n ń ti ibi tí wọn ò dé bọ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ní wọ́n pàtẹ́wọ́! Ní ọjọ́ kejì, òfin ti jáde, ó ní ẹsẹ mẹ́fà. Ẹsẹ kẹrin ló sọ pé kò sí ẹlẹ́rìí, kò sí fọ́tò, kò sí ohunkóhun tó lè ta ko àkọsílẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ọ̀gá, ìbáà jẹ́ ti ọmọọṣẹ́. Ọ̀gá fọwọ́ sí i pẹ̀lú bíírò aláwọ̀ wúrà. Ẹnu òrofó ní ń pa òrofó, àmọ́ òrofó ò gbọ́ Yorùbá.

Ó wá sọ pé òun ò ní lé obìnrin náà ní kọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i ni ìgbìmọ̀ ìlú máa jókòó láti wò ó bóyá wọ́n máa fi Ọ̀gá sípò fún ọdún méjì míì. Níwájú wọn ló fẹ́ lé e, kí wọ́n lè rí bí àkọsílẹ̀ ṣe lágbára tó.

Ìyá Alágbàfọ̀ lọ sílé àbúrò rẹ̀. Ó fi ìwé náà lé orí tábìlì, ó sì ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá orí òun ló ti ń dàrú. Rẹwáyà tó máa ń dákẹ́ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ wáyà fún un, ojú sì tì í bó ṣe ń sọ ọ́, torí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló so ó. Ó ní òun máa tú u lọ́la, kí wọ́n lé òun náà. Dírẹ́bà kan tí gílóòbù kan kú nínú bọ́ọ̀sì rẹ̀, wọ́n ti dá a dúró níṣẹ́ fún oṣù kan.

"Má tú u ní ìkọ̀kọ̀," lẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ. "Tó o bá tú u lọ́la, ohun tí wọ́n máa sọ ni pé ọ̀la ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá síṣẹ́. Àwọn ọjọ́ tí mo ti lọ ńkọ́? Wọ́n ní òpùrọ́ ni mí, àbúrò mi. Wọ́n kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ yẹn á dàgbà, wọ́n á kà á níbẹ̀. Kọ lẹ́tà mìíì."

Ó kọ ọ́. Oyè mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, wọ́n tò dáadáa, lẹ́tà gàdàgbà, wọ́n sì gba gbogbo ojú ewé. Àyè tó kù nísàlẹ̀ ò ju ti gbólóhùn kan lọ, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀: "Fọ́tò yín ń jẹ ìrìn." Akọ̀wé kà á, ó rò pé èébú ni. Àpótí pupa kan wà nísàlẹ̀ tábìlì rẹ̀ tí wọ́n kọ "Ọ̀rọ̀ Ìlara" sí lára. Ibẹ̀ ló jù ú sí, òun àti gbogbo lẹ́tà tí kì í ṣe ìyìn tó ti wọ ọ́fíìsì yẹn láti ọdún méjì.

Ọ̀gá ní tiẹ̀ ti ń múra. Ó kéde Ọ̀sẹ̀ Ọ̀gá Láàárín Mẹ̀kúnnù. Ọjọ́ márùn-ún gbáko, bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ìdájí ni òun máa wọ̀ bíi gbogbo èèyàn, òun á fi káàdì òun kan ẹ̀rọ, wọ́n á sì tẹ àkọsílẹ̀ ìrìn òun sórí páálí gìrìwò kan fún ìgbìmọ̀ láti rí. Ó ní kí wọ́n pààrọ̀ gílóòbù fọ́tò sí èyí tó mọ́lẹ̀ ní ìlọ́po méjì, torí onífọ́tò máa tẹ̀ lé òun. Àárẹ̀ mú Rẹwáyà bó ṣe ń pààrọ̀ wọn, àmọ́ ó pààrọ̀ wọn.

Ẹ ò rí ọkùnrin náà nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ àkọ́kọ́! Ó fi káàdì kan ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta torí onífọ́tò ò tètè ṣe tán. Ó fi ojú ara rẹ̀ tó wà lára ògiri wé ojú ara rẹ̀ tó wà nínú dígí, ó sì fẹ́ràn méjèèjì. Ó wá ń wá mẹ̀kúnnù tó máa jókòó tì. Ó wo àwọn èrò títí, ojú rẹ̀ bọ́ sí obìnrin àgbàlagbà kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ búlúù, tí ọwọ́ rẹ̀ ti hunjọ nítorí ọṣẹ. Ó jókòó tì í, ó gbé apá lé e léjìká. Ìyá Alágbàfọ̀ ni.

Obìnrin náà wò ó. Ó rọra bi í pé, "Ọ̀gá, ṣé ẹ mọ̀ mí?"

"Ta ni kì í mọ àwọn èèyàn rẹ̀?" ni Ọ̀gá dáhùn, ojú onífọ́tò ló sì kọ sí.

Ọjọ́ márààrún ló fi jókòó tì í, torí onífọ́tò ní ojú obìnrin náà bá iná mu. Ọjọ́ márààrún ni gílóòbù méjìlá tuntun yẹn ń tàn lórí wọn, tí ẹ̀rọ ń dún píì, tí kò sì sí ohun tó wọlé. Ṣé kì í ṣe Ọ̀gá ló ní kí ìmọ́lẹ̀ wọn jẹ́ ìlọ́po méjì? Ó rí ohun tó tọrọ.

Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la tí ìgbìmọ̀ máa jókòó, Akọ̀wé ṣí àkọsílẹ̀ Ọ̀gá láti tẹ̀ ẹ́ sórí páálí. Ó wò ó. Ó pa á, ó tún ṣí i. Ó nu ojú ẹ̀rọ pẹ̀lú apá ẹ̀wù rẹ̀. Kò sí ìrìn kan níbẹ̀, kódà èyí tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún lọ́jọ́ Ajé gbogbo. Ó ronú láti lọ sọ fún Ọ̀gá, ó dé ẹnu ọ̀nà pàápàá, ó wá rántí pé kò sí ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ burúkú wọ yàrá yẹn rí tó tún jáde pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló kọ́ gbogbo ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀. Ó tẹ ohun tó rí sórí páálí, ó fi aṣọ bò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà pé kí òjò wó ilé ìpàdé.

Òjò ò rọ̀. Ilé ìpàdé kún fọ́fọ́. Alága ìgbìmọ̀ jẹ́ obìnrin arúgbó kan tó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé fún ọgbọ̀n ọdún, gíláàsì rẹ̀ wà ní góńgó imú, ó sì máa ń pe gbogbo ọkùnrin ní "Ọ̀gbẹ́ni," kò sì sí ohun tí oyè wọn lè ṣe sí i. Wọ́n mú Ìyá Alágbàfọ̀ jókòó síwájú, níbi tí gbogbo ojú ti lè dé ara rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ó di fìlà rẹ̀ mú.

Ọ̀gá dìde. Ó sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, mi ò sì ní fi jẹ yín níyà. Ẹ kàn mọ̀ pé ó fi ara rẹ̀ wé òpó, ó fi ara rẹ̀ wé odò, ó fi ara rẹ̀ wé ìyá tí kì í sùn. Ó wá na ọwọ́ sí obìnrin náà. Ó ní, "Ẹ wo ẹni tó ti ibi tí kò dé bọ̀ ní ìgbà méjìlélógún. Ẹ lé e lónìí, kí àwọn yòókù gbọ́n. Kí ẹ sì rí ìyàtọ̀ láàárín òpùrọ́ àti olóòótọ́, ẹ ṣí àkọsílẹ̀ tèmi."

Akọ̀wé ò ṣí i. Alága fúnra rẹ̀ ló dìde, ó sì fa aṣọ náà lulẹ̀.

Oyè mẹ́jọ ló wà lórí páálí náà, gàdàgbà gàdàgbà, láti òkè títí ó fi kù díẹ̀ kó dé ìsàlẹ̀. Nísàlẹ̀ wọn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: Iye ìrìn, òdo.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì yára sọ ọ́ di ikọ́. Ọ̀gá ní àṣìṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni. Wọ́n ṣí àkọsílẹ̀ náà lórí fóònù Alága, òdo ló wà níbẹ̀. Wọ́n ṣí i lórí fóònù ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́ta mìíì, òdo ni. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níwájú orí Ọ̀gá. Ó ní òun wọ ọkọ̀, gbogbo ìlú rí òun, dírẹ́bà rí òun, àwọn fọ́tò wà níbẹ̀! Ó já fọ́tò kan gbà lọ́wọ́ onífọ́tò, ó gbé e sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i.

Alága ṣí ìwé òfin, ó fi ìka wá ẹsẹ kẹrin, ó sì kà á jáde láìyára. Kò sí ẹlẹ́rìí, kò sí fọ́tò, ìbáà jẹ́ ti ọ̀gá, ìbáà jẹ́ ti ọmọọṣẹ́. Ó bi í pé, "Ọ̀gbẹ́ni, ọwọ́ ta ni mo rí nísàlẹ̀ ibí yìí?"

Ibẹ̀ ni Ìyá Alágbàfọ̀ ti dìde. Kò pariwo. Ó ní òun fẹ́ bi Ọ̀gá ní ìbéèrè kan, Alága sì ní kó bi í.

"Ọ̀gá, ẹni tẹ́ ẹ gbé apá lé léjìká nínú fọ́tò yẹn, ta ni?"

Ọ̀gá wo fọ́tò. Ó wo obìnrin tó dúró síwájú rẹ̀. Ó tún wo fọ́tò. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi jókòó tì í, ó ti dá a lẹ́jọ́ rí lójú fèrèsé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa wo ojú rẹ̀.

"Ẹ dá a lóhùn," ni Alága wí. "Tó bá wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn, a jẹ́ pé irọ́ ni àkọsílẹ̀ yín ń pa, torí òun náà ò sí nínú rẹ̀. Tí kò bá sì sí níbẹ̀, ẹ̀yin náà ò sí níbẹ̀. Èwo la máa mú?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí ìgbéraga máa ń gbé èèyàn dé rèé. Ó lè dákẹ́, kí òfin rẹ̀ má wó, kí òun nìkan wó. Àmọ́ kí gbogbo ìlú gbọ́ pé òun ò jókòó láàárín mẹ̀kúnnù, nígbà tí fọ́tò òun dáa tó báyẹn! Ọkàn rẹ̀ ò gbà á. Ohùn inú àgbá yẹn ti di ohùn inú ife. Ó ní, "Ó wà níbẹ̀."

"Ìdájí márùn-ún nìyẹn," ni Ìyá Alágbàfọ̀ sọ. "Bọ́ọ̀sì kan náà ni, ẹ̀rọ kan náà ni. Méjìlélógún ìṣáájú ńkọ́? Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́. Ẹ̀yin lẹ pè mí ní òpùrọ́, ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ gbà á kúrò lọ́rùn mi."

"Ó lọ síṣẹ́," ni Ọ̀gá wí. "Ọjọ́ gbogbo ló lọ."

Rẹwáyà wá dìde lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ó ní òun mọ ohun tó fà á, òun sì kọ̀wé nígbà mẹ́ta. Alága ní kí wọ́n gbé lẹ́tà náà wá. Akọ̀wé tí ẹ̀rù ti bà débi tí kò mọ ẹni tó máa sìn mọ́ sáré lọ gbé àpótí pupa náà odindi. Alága mú lẹ́tà kẹta, ó fo gbogbo oyè kọjá bí ẹni fo kòtò, ó ka gbólóhùn tó wà nísàlẹ̀. "Fọ́tò yín ń jẹ ìrìn." Gbogbo wọn bá jáde sí àgbàlá, níbi tí bọ́ọ̀sì kan wà. Rẹwáyà fi àpò bo ojú ohun kékeré tó ń mọ̀ tí ilẹ̀ bá ṣú, tó sì ń tan gílóòbù, gílóòbù tàn yòò, Alága fi káàdì rẹ̀ kàn, ó dún píì, wọ́n wo àkọsílẹ̀, kò sí nǹkan. Rẹwáyà fa wáyà kan yọ, Ọ̀gá ara ògiri ṣókùnkùn, Alága tún fi káàdì kàn, ìrìn náà sì yọ lórí fóònù kíá.

Ìgbìmọ̀ ò jíròrò ju ìdajì wákàtí lọ. Wọ́n fagi lé òfin ẹlẹ́sẹ mẹ́fà, wọ́n kọ ìwé tọrọ àforíjì fún Ìyá Alágbàfọ̀ àti àádọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ìdájí mìíì, wọ́n sì sọ fún Ọ̀gá pé ó ṣeun, ó tó. Akọ̀wé ló kọ ìwé ìdádúró náà. Orí rẹ̀ kò ní ju "Ọ̀gbẹ́ni" lọ, nítorí náà àyè pọ̀ níbẹ̀ láti kọ gbogbo ohun tó ṣe.

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó dúró ní ibùdókọ̀ níwájú ọ́fíìsì bíi gbogbo èèyàn, ó di fọ́tò rẹ̀ tí wọ́n tú kúrò lára ògiri mọ́ abíyá. Bọ́ọ̀sì dé ní aago mẹ́rin, oòrùn ṣì wà. Lókè ẹ̀rọ káàdì, ihò ìṣó mẹ́rin ló kù. Ó fi káàdì kàn, ó dún píì, kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Ìyá Alágbàfọ̀ wà nínú ọkọ̀ náà, ó ń lọ sílé láti lọ fi ìwé àforíjì han àwọn ọmọ náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó sún fún Ọ̀gá, torí àárẹ̀ hàn lára ọkùnrin náà.

Lẹ́yìn náà, mo ṣí àkọsílẹ̀ káàdì Ọ̀gá fúnra mi. Èmi ni ọmọbìnrin ojú fèrèsé tó wo ilẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìwòlẹ̀ náà ò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. Ìrìn kan ṣoṣo ló wà ní orúkọ rẹ̀ nínú gbogbo ọdún méjì tó fi ṣe ọ̀gá: ó wọkọ̀ níwájú ọ́fíìsì ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó bọ́ọ́lẹ̀ nílé. Kò sí ibì kankan tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ó lọ síṣẹ́ rí.